Láti Ẹnu Ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀: Bí A Ṣe Ń Yan Ẹ̀yà Kọ̀ǹpútà Gẹ́ẹ̀mù Àkọ́kọ́ ní Òṣogbo

Kọ̀ǹpútà gẹ́ẹ̀mù tí mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara mi tò kò pé ogúnjọ́ lọ́wọ́ mi tó fi kú. Alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni, ní Òkè-Báálẹ̀. Wọ́n ti mú iná lọ láti ọ̀sán, mo sì ti pa gbogbo nǹkan, àmọ́ n kò yọ plọ́ọ̀gì. Nígbà tí iná dé, gílóòbù pálọ̀ mọ́lẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, fáànù òkè ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ "pá!" lábẹ́ tábìlì, òórùn rọ́bà jíjó sì gba gbogbo yàrá. Power pack (ẹ̀yà tó ń gba iná ògiri tó sì ń pín in fún ẹ̀yà yòókù) tí wọ́n fi kún casing, ìyẹn àpótí kọ̀ǹpútà, fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ ló bú. Ká ní òun nìkan ló kú ni, ì bá sàn. Ó fa motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń so mọ́) àti SSD (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí) lọ́wọ́ lọ. Owó tí mo fi oṣù méje kó jọ ni.

Àbúrò mi kan tó ń kàwé ní UNIOSUN fẹ́ to tirẹ̀ báyìí, òun ló sì jẹ́ kí n jókòó kọ èyí sílẹ̀. Ìtọ́sọ́nà tí ẹ máa rí káàkiri a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, torí pé níbi tí àwọn tó kọ ọ́ ń gbé, wọn kì í ro ti iná rárá. Níbí, láti ẹnu ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ni ká ti bẹ̀rẹ̀, ká máa bọ̀ wá sínú casing díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá gbà á báyìí, ẹ̀yà tí ẹ máa yàn yóò yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kí lẹ fẹ́ gbá?

Ẹ kọ orúkọ gẹ́ẹ̀mù mẹ́ta tí ẹ fẹ́ gbá jù sínú ìwé. Bó bá jẹ́ EA FC pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ yín ni, tàbí GTA V, tàbí Valorant, kọ̀ǹpútà tí ẹ nílò kò tóbi tó èyí tí ẹ ń rí lórí YouTube. Ẹ wo ohun tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe gẹ́ẹ̀mù náà kọ sábẹ́ "Recommended". Ẹ fi "Minimum" sílẹ̀, torí ìyẹn kàn jẹ́ kí gẹ́ẹ̀mù ṣí ni, kò ní kó dùn ún gbá.

Mọ́nítọ̀ 1080p ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ojú mọ́nítọ̀ 4K ní ìlọ́po mẹ́rin àmì kéékèèké (pixel) tí 1080p ní, GPU, ẹ̀yà tó ń ya àwòrán, ló sì máa ya gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ra 4K ti so ara rẹ̀ mọ́ GPU olówó ńlá tó ń mu iná bí ẹni mu omi.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣírò iná

Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló ní iye wáàtì tó ń mu, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àpẹẹrẹ tí mo máa ń lò nìyí: processor Ryzen 5 5600, wáàtì 65. GPU Radeon RX 6600, wáàtì 132. Motherboard, RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń fi ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí), SSD àti fáànù lápapọ̀, ẹ fi 50 sí i. Mọ́nítọ̀, 25. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 272. Ìgbà tí gẹ́ẹ̀mù bá le dáadáa nìyẹn o. Bí ẹ bá kàn ń tẹ iṣẹ́ iléèwé, kò ní tó ìdajì.

Ẹ wá gbé e lé bátìrì inverter. Bátìrì olómi kan tó jẹ́ 12V 200Ah ní wáàtì-wákàtí 2,400 nínú. Kò yẹ kí a fà ju ìdajì rẹ̀ lọ bí a bá fẹ́ kó pẹ́, ó ku 1,200. Inverter náà a máa fi díẹ̀ ṣòfò, ẹ kúkú kà á sí 1,000. Ẹ fi 272 pín in: wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ ó lé díẹ̀, bí kò bá sí fáànù àti gílóòbù lórí rẹ̀. Bí ẹ bá fi RTX 3080 rọ́pò GPU yẹn, òun nìkan jẹ́ wáàtì 320. Bátìrì kan náà kò ní ṣe ju wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ìdí nìyí tí n kì í fi í bá ẹnikẹ́ni ra RX 580 mọ́, bó ti wù kó pọ̀ tó nínú ọjà tòkunbọ̀. Ó jáde ní 2017, ó ń mu wáàtì 185. RX 6600 tó jáde ní 2021 ń mu 132, ó sì fi ọ̀nà jíjìn yára jù ú lọ. Owó tí ẹ rò pé ẹ fi ṣẹ́kù lọ́jà, ẹ máa san án padà fún epo bẹntiróò.

Ohun kan tún wà tó ń dín iná kù tí kò ná yín ní kọ́bọ̀: nínú ètò gẹ́ẹ̀mù tàbí ti GPU, ẹ fi òté lé iye àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kó má ju 60 lọ nígbà tí ẹ bá wà lórí bátìrì. GPU á sinmi, ooru á dín kù, bátìrì á pẹ́ sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ohun tó wà láàárín ògiri àti casing

Nǹkan méjì ni mo máa ń fi síbẹ̀. Ọ̀kan ni voltage guard, èyí tó ń gé iná kúrò bó bá ga jù tàbí tó bá rẹlẹ̀ jù, tó sì máa ń dúró díẹ̀ lẹ́yìn tí iná bá dé kó tó jẹ́ kó kọjá. Ìdúró yẹn ni mo ń sanwó fún, torí ìgbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gan-an ló máa ń ṣe ségesège jù. Ká ní mo ní in lálẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn ni.

Ìkejì ni UPS, bátìrì kékeré tó ń gbé kọ̀ǹpútà bí iná bá lọ lójijì. Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà ara rẹ̀: 650VA kì í ṣe wáàtì 650. Púpọ̀ nínú wọn wà láàárín wáàtì 360 sí 390. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ wá "W" níbẹ̀, kì í ṣe "VA". Ó lè gbé kọ̀ǹpútà wáàtì 272 wa, àmọ́ 1000VA ni ọkàn mi balẹ̀ sí. Iṣẹ́ UPS kò ju kó fún yín láàyè ìṣẹ́jú díẹ̀ láti fi iṣẹ́ yín pamọ́ kí ẹ sì pa kọ̀ǹpútà bó ṣe yẹ.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré olóhùn gooro yẹn, tó ń mu epo pẹ̀lú ọ́ìlì, ẹ má ṣe so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn tààrà. Iná rẹ̀ ń gòkè ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹ̀rọ bá ti ń fà.

Wàyí o, power pack. Ibí yìí ni kí ẹ dúró sí pẹ́. Ẹ má gba èyí tí wọ́n bá fi kún casing lọ́fẹ̀ẹ́, bó ti wù kí casing náà rẹwà tó. Ẹ ra power pack lọ́tọ̀, kí ẹ sì ka lébẹ́lì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n kọ "Input". Iná ilé wa jẹ́ 230V lórí ìwé, àmọ́ a mọ bó ṣe ń rí nírọ̀lẹ́ tí gbogbo àdúgbò bá tan nǹkan. Power pack tí wọ́n kọ 100–240V sí lára máa ń fara da iná tó rẹlẹ̀. Bí ó bá já sí 160V, ó lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn kan wà tí wọ́n kọ 200–240V sí. Wọn kì í ṣe ayédèrú, àmọ́ wọn kò bá ilé tí iná rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀ mu. Bí ẹ bá sì rí bọ́tìnnì pupa kékeré lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí, irú ti àtijọ́ nìyẹn. Bó bá wà lórí 115 tí ẹ fi plọ́ọ̀gì sí ògiri wa, lójú ẹsẹ̀ ni yóò bú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ìlà +12V. Níbẹ̀ ni òtítọ́ wà, torí láti ibẹ̀ ni processor àti GPU ti ń jẹun. Ẹ fi 12 ṣe ìsọdipúpọ̀ iye A (áńpíà) tó wà níbẹ̀. Mo ti rí èyí tí wọ́n kọ 500W gàdàgbà sí lára páálí rẹ̀, tí +12V rẹ̀ jẹ́ 25A. Méjìlá lọ́nà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, 300 péré. Èyí tó jẹ́ 42A ń fún yín ní 504, ìyẹn ni wáàtì 500 tòótọ́. Fún irú kọ̀ǹpútà tí mo júwe, 500 tàbí 550 tó ní àmì 80 Plus Bronze (àmì pé kì í fi iná ṣòfò púpọ̀) tó, ó sì ṣẹ́ kù. Ẹ rí i dájú pé ó ní wáyà oníhò mẹ́jọ ti GPU fúnra rẹ̀. Àwọn wáyà àsopọ̀ tó ń yí ti SATA (wáyà iná hard disk) padà sí ti GPU máa ń yọ́, ẹ jìnnà sí wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: GPU

Nínú gbogbo owó tí ẹ ní, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ó kéré tán ni mo máa ń fi sílẹ̀ fún GPU, torí òun ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ gẹ́ẹ̀mù. Fún 1080p, RX 6600 tó ní 8GB ni àkọ́kọ́ lójú mi. RTX 3060 oní-12GB náà dára, wáàtì 170 ni. Bí owó bá kéré, GTX 1660 Super oní-6GB ṣì ń ṣe dáadáa lórí EA FC, wáàtì 125. GTX 1650 wà fún ẹni tí power pack rẹ̀ kò ní wáyà GPU rárá: púpọ̀ nínú wọn kì í gba ju 75, láti ara motherboard ni wọ́n sì ti ń gbà á.

Ọ̀pọ̀ wa ló máa ra GPU tòkunbọ̀, n kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀ bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀tàn tó wọ́pọ̀ jù ni GTX 1050 Ti ayédèrú. Wọ́n á mú káàdì àtijọ́ bíi GTX 550 Ti, wọ́n á yí ohun tó wà nínú BIOS rẹ̀ (ètò inú rẹ̀ tó ń kọ́kọ́ jí) padà, Windows á sì máa pè é ní 1050 Ti. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ GPU-Z. Ẹ gbé e sórí flash kí ẹ tó kúrò nílé. Bó bá dá irú ayédèrú bẹ́ẹ̀ mọ̀, á kọ "[FAKE]" síwájú orúkọ rẹ̀.

Mo rántí ọkùnrin kan tí mo fẹ́ ra káàdì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi sínú kọ̀ǹpútà ká wò ó."

"Àbúrò, ọjà tó mọ́ ni mo ń tà. Ṣé o ò fọkàn tán mi ni?"

"Mo fọkàn tán yín, sà. Owó ọwọ́ mi ni kò tó èyí tí mo lè fi dánwò."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé kọ̀ǹpútà jáde. Ẹ máa bẹ̀ wọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àmọ́ ẹ má sanwó láìdán an wò. Ẹ jẹ́ kí FurMark, ètò tó ń fún GPU níṣẹ́ líle, ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ wò bóyá àwọ̀ ń fọ́ lójú mọ́nítọ̀, ẹ tẹ́tí sí fáànù, ẹ wò bóyá ooru rẹ̀ ń kọjá 85°C. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tí ì ká GPU, kó ra Ryzen 5 5600G. Ó ní agbára àwòrán tirẹ̀ nínú, ẹ lè fi gbá àwọn gẹ́ẹ̀mù tí kò wúwo fún oṣù mélòó kan kí ẹ tó ra GPU. Àmọ́ RAM méjì ló fẹ́ o, torí ara RAM ló ti ń yá ààyè fún àwòrán.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: processor, motherboard àti RAM, ọmọ ìyá kan náà

Ẹ má rà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìrònú yín. Ìdílé kan, ìyẹn irú ihò tí processor ń wọ̀ lára motherboard, ni kí ẹ yàn.

Ìdílé AM4 ti AMD, tó ń lo RAM DDR4, ti dàgbà, kò sí processor ńlá tuntun tí ẹ lè máa retí níbẹ̀. Síbẹ̀ òun ni mo bá ẹni àkọ́kọ́ dámọ̀ràn, nítorí tòkunbọ̀ rẹ̀ pọ̀, iná tó ń mu kò sì pọ̀. AM5 dé ní 2022, DDR5 nìkan ló ń gbà, AMD sì ti ṣèlérí pé àwọn á máa ṣe processor fún un títí dé 2027 ó kéré tán. Bí owó bá wà, òun ló máa bá yín pẹ́. Ti Intel ni LGA1700, níbi tí Core i3-12100F àti i5-12400F wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ ṣọ́ra: motherboard rẹ̀ kan wà fún DDR4, òmíràn fún DDR5, èyí kò lè wọ ihò ìyẹn. Lẹ́tà "F" yẹn túmọ̀ sí pé processor náà kò ní àwòrán nínú, láìsí GPU, mọ́nítọ̀ yín á dúdú ni.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ "i7" dẹ́rù bà yín. Wọ́n ń ta i7-4770 kiri bí ẹni ta wúrà. Ọdún 2013 ló jáde. Core i3-12100F ti 2022 ní kóòrù mẹ́rin bíi tirẹ̀, ó sì yára jù ú lọ púpọ̀. Àti pé Windows 10 ti kúrò lábẹ́ ìtọ́jú déédéé láti ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025. Windows 11 sì ń béèrè ìran kẹjọ Intel sókè, tàbí púpọ̀ nínú Ryzen 2000 sókè ní ti AMD. i7-4770, ìran kẹrin ni.

Bí ẹ bá ra motherboard AM4 tó ń jẹ́ B450 láti fi Ryzen 5 5600 sí, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n ti sọ BIOS rẹ̀ dọ̀tun. Bí wọn kò bá tí ì ṣe é, kọ̀ǹpútà á tan, fáànù á yí, ojú mọ́nítọ̀ kò sì ní mọ́lẹ̀, ẹ̀yin á máa rò pé nǹkan ti jó.

RAM: 16GB, kó jẹ́ 8GB méjì, kì í ṣe 16GB ẹyọ kan, nítorí ọ̀nà méjì ni processor fi ń bá a sọ̀rọ̀. Bí ihò mẹ́rin bá wà, ìkejì àti ìkẹrin láti ẹ̀gbẹ́ processor ni ẹ máa fi wọ́n sí. Owó RAM ti fò sókè gan-an láti ìparí ọdún 2025 nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń ra èròjà rẹ̀ kó lọ, torí náà DDR4 tòkunbọ̀ kì í ṣe ohun ìtìjú.

SSD

Èyí kò gùn. NVMe (irú SSD tó yára jù) 1TB bí owó bá tó, 500GB bí kò bá tó. Kí ẹ kàn rí i pé ihò M.2 ara motherboard yín ń gba NVMe, torí àwọn kan wà tó jẹ́ ti SATA nìkan. EA FC nìkan fẹ́ 100GB. Ẹ̀yin náà mọ iye data tí èyí jẹ́. Steam ní ètò tí kọ̀ǹpútà méjì tó wà lórí Wi-Fi kan náà fi lè da gẹ́ẹ̀mù síra wọn láìlo data, ẹ gbé ti yín lọ sílé ọ̀rẹ́ tó ti ní in.

Casing, ooru àti ọyẹ́

Casing tí gíláàsì bo iwájú rẹ̀ pátá dára fún àwòrán, kò dára fún Òṣogbo. Ẹ ra èyí tí iwájú rẹ̀ jẹ́ nẹ́ẹ̀tì, fáànù méjì kó máa fa afẹ́fẹ́ wọlé níwájú, ọ̀kan kó máa tì í jáde lẹ́yìn. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, eruku ọyẹ́ á máa wọ ibi gbogbo. Ẹ wá casing tó ní asẹ́ tó ṣeé yọ fọ̀, ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà ọyẹ́. Bí ẹ bá ń fẹ́ eruku inú rẹ̀, ẹ fi ìka di apá fáànù mú kó má yí. Orí tábìlì ni kó wà, kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Fáànù processor ńkọ́? Ryzen 5 5600 àti i5-12400F tó wà nínú páálí máa ń bá tiwọn wá, ó sì tó. Ti tòkunbọ̀ kì í sábà ní, ẹ béèrè.

Ibi tí a ti ń rà á

Nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù ìlú wa, láti Ọláìyá lọ sí Òkè-Fìà, laptop tòkunbọ̀ ni mo máa ń rí jù. Ẹ ra mọ́nítọ̀, UPS, kíbọ́ọ̀dù àti voltage guard níbí, kí ẹ lè rí ẹni gbé e padà fún bí wàhálà bá dé. Fún GPU àti motherboard, mo máa ń lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. Ẹ jí lọ ní ìdájí, ẹ mú ẹnìkan dání, ẹ má gbà kí wọ́n fi GPU tòkunbọ̀ ránṣẹ́ sí yín ní waybill láìjẹ́ pé ẹ ti rí fídíò bó ṣe ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà ara rẹ̀ tó hàn kedere. Ẹ gba rìsíìtì, kí wọ́n kọ iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà sórí rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì bíi Dell OptiPlex jẹ́ ohun tí àwọn kan máa ń rà láti fi GPU sí. Ẹ mọ̀ pé power pack ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bá ti gbogbo ayé mu, ẹ kò ní lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní ìrọ̀rùn.

Bí ẹ bá ti kó wọn délé

Ẹ má tíì kó wọn sínú casing. Ẹ gbé motherboard lé orí páálí rẹ̀, ẹ fi processor, fáànù rẹ̀, RAM àti GPU sí i, ẹ so power pack mọ́ ọn, wáyà processor tó wà lókè lọ́wọ́ òsì náà, èyí tí gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹ fọwọ́ kan irin kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀yà kankan, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí ara wa máa ń ta iná. Wáyà mọ́nítọ̀, ara GPU ni kó wà, kì í ṣe ara motherboard. Ẹ tan án. Bí ojú BIOS bá yọ, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú casing, kí ẹ sì fi àwọn ìdúró bàbà kéékèèké sábẹ́ motherboard kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà kan irin.

Nínú BIOS, ẹ tan XMP, ètò tó ń jẹ́ kí RAM sáré tó bí wọ́n ṣe kọ sí i lára. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, RAM tí ẹ ra gẹ́gẹ́ bíi 3200 lè máa sáré ní 2133, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún yín.

Lẹ́yìn tí Windows bá ti wọlé, ẹ ya mítà wáàtì oníplọ́ọ̀gì lọ́wọ́ oníná àdúgbò yín, ẹ fi sáàárín ògiri àti kọ̀ǹpútà, ẹ gbá gẹ́ẹ̀mù yín tó wúwo jù fún ìdajì wákàtí. Iye tó ga jù tí ẹ bá rí lójú mítà náà, ẹ fi mákà kọ ọ́ sẹ́yìn casing. Òun lẹ máa kà fún oníṣẹ́ inverter lọ́jọ́ tó bá bi yín pé kí ni kọ̀ǹpútà yín ń mu.